Bí A Ṣe Ń Ra Ilé fún Ọmọ Tó Ní Ìpèníjà Ara, àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Ilé tó rẹwà jù nínú gbogbo èyí tí a lọ wò ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn, ni àga ọmọ mi kò lè wọ̀. Pálọ̀ rẹ̀ fẹ̀, táìlì ń dán gbinrin, ẹ́jẹ́ǹtì ti ń kí wa kú oríire. Mo ní kí bàbá Dámi gbé àga oníkẹ̀kẹ́ jáde nínú bùútù. A tì í wọ pálọ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́. A tì í dé ẹnu balùwẹ̀, ó há. Ẹ́jẹ́ǹtì ní, "Ìyá Dámi, ẹ kàn máa gbé e wọ ibẹ̀ yẹn náà ni." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Dámi nígbà náà, ó sì ti lé ní kílò ogún. Ẹ̀yìn mi ni mo bi léèrè, ẹ̀yìn mi ní rárá.

Ohun tí mo kọ síbí ni ohun tí mi ò rí ẹni sọ fún mi kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálé. Ọmọ tèmi, jáúndísì ló kọlù ú ní ọmọ ọwọ́, tí ó fi di ohun tí àwọn dókítà ń pè ní cerebral palsy, ìyẹn ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́ràn sí ọmọ lẹ́nu. Tiyín lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ìbàdàn la ti ra tiwa, ṣùgbọ́n téèpù kan náà ni wọ́n fi ń wọn ilé ní Òṣogbo àti ní Ìkòròdú.

1. Ẹ wọn ọmọ kí ẹ tó wọn ilé

Ẹ ra téèpù káfíńtà, kì í ṣe ti télọ̀. Ẹ gbé ọmọ jókòó sórí àga rẹ̀, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n: fífẹ̀ àga láti ìta táyà kan dé ìta ìkejì, pẹ̀lú ọwọ́ ọmọ tó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń yí i, gígùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, bí orúnkún ṣe ga tó, nítorí tábìlì àti síńkì, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé tó bá nà án sókè. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí kò ní kúrò nínú báàgì yín.

Ẹ wọn ara yín náà. Ẹ gbé ọmọ sí apá bí ẹ ṣe máa ń gbé e lọ wẹ̀, kí ẹlòmíì fa téèpù láti orí rẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ibi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò máa gbé e gbà, àfi tí ẹ bá fẹ́ máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé ọmọ tí ẹ wọ̀n lónìí kọ́ ni yóò gbé ilé náà ní ọdún mẹ́wàá sí i. Ọmọ á dàgbà, àga á fẹ̀. Àga àgbàlagbà sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70, òun ni kí ẹ fi wá ilé. Kí àga tó lè yí po láìkọlu ògiri, ó nílò àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 150 ní òró àti ní ìbú. Èmi gé páálí fìríìjì kan róbótó, sẹ̀ǹtímítà 150 láti etí dé etí, mo ká a sínú bùútù. Ilé tí a bá dé, màá tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú balùwẹ̀, màá tẹ́ ẹ sínú yàrá, màá tẹ́ ẹ sí kọ̀rọ̀ ibi tí ọ̀nà ti yà. Ẹ́jẹ́ǹtì kan rọra bi mí bóyá mo fẹ́ kírun ni. Páálí yẹn ló lé wa kúrò nínú ilé tó ju mẹ́fà lọ, tí ojú wa ì bá ti rà.

2. Ẹ pín owó sí méjì

Gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ kọ́ ni owó ilé. Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni ná ọjà, ẹ yọ owó àtúnṣe sọ́tọ̀, pẹ̀lú owó lọ́yà, ti súfeyọ̀ àti ti ẹ́jẹ́ǹtì. Mo mọ ìdílé kan tó kó gbogbo ohun tí wọ́n ní fún onílé. Odidi ọdún méjì ni wọ́n fi ń gbé ọmọkùnrin wọn kọjá àtẹ̀gùn mẹ́ta, títí bàbá fi gbẹ̀yìn dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì nítorí ìdí ríro.

Ẹni tó bá ń dá owó National Housing Fund, àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, lè tọrọ ẹ̀yáwó ilé lọ́dọ̀ Federal Mortgage Bank, báńkì ìjọba tó ń yáni lówó ilé. Èlé rẹ̀ kéré gan-an sí ti àwọn báńkì yòókù. Àmọ́ ó ń pẹ́, ẹni tó ń ta ilé kì í sì í fẹ́ dúró. Kọ́pùréétífù ibi iṣẹ́ ló gbà wá ní tiwa.

3. Ẹ lọ wo ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò

Ilé lè dára kí ọ̀nà rẹ̀ burú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́jẹ́ǹtì fi mọ́tò gbé yín dé ẹnu géètì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ìta gbangba níbi tí ọkọ̀ èrò ti ń já èrò, kí ẹ ti àga náà dé ilé, kí ọmọ wà lórí rẹ̀. Ẹ óò mọ ibi tí gọ́tà kò ní pákó, ibi tí òkúta ń sọ táyà iwájú sókè, ibi tí òkè ti ga débi pé ẹni tó ń tì í ní láti dúró mí. Ìbàdàn kún fún òkè, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Ilé etí odò máa ń dínwó. Àwa ará Ìbàdàn kò tíì gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti oṣù kẹjọ ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ la ò gbàgbé ti ọdún 2011. Nígbà tí omi bá dé, àwọn ọmọ yòókù á sáré. Tiyín á máa retí ẹni tó máa gbé e. Àwọn kan máa ń sọ pé ìpìlẹ̀ ilé ti ga, omi kò lè wọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ìpìlẹ̀ bá ṣe ga sí i ni ráńpù, ìyẹn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga ń gbà dípò àtẹ̀gùn, yóò ṣe gùn sí i, ẹ óò sì rí i níwájú pé ráńpù ń jẹ ilẹ̀ bí ìgbà tí ewúrẹ́ ń jẹ ewé. Ilé orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó jìnnà sí odò, ni kí ẹ wá, bó tilẹ̀ kéré.

Ẹ wo bó ṣe jìnnà sí ilé ìwòsàn àti ilé ìwé pẹ̀lú. Ẹni tó ń lọ ṣe físíò, ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, ní ilé ìwòsàn UCH lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó wá ra ilé ní Mọ́níyà tó jìnnà síbẹ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú, owó ọkọ̀ ni yóò fi san ìyókù.

4. Ẹ wo inú ilé

Ilé ilẹ̀ ni kí ẹ rà. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọmọ tí kò lè gun àtẹ̀gùn á di ẹni tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín ń dún lókè. Bó bá jẹ́ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìkan ló wà, ẹ rí i pé yàrá kan, balùwẹ̀ kan àti ibi ìdáná wà nísàlẹ̀, kí gbogbo ilé sì fi ìsàlẹ̀ ṣe ibùjókòó.

Ẹ mú bíríkìlà tó mọṣẹ́ dání, tàbí ẹ́ńjíníà tí ẹ bá rówó rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ńgálò wa, ògiri búlọ́ọ̀kù ló gbé òrùlé dúró. Ẹ ò lè déédéé mú òòlù ti ògiri kí ẹnu ọ̀nà lè fẹ̀. Líńtẹ̀ àtijọ́, kọnkéré tó dábùú orí ẹnu ọ̀nà, gbọ́dọ̀ kúrò, wọ́n á fi igi gbé òkè ró, wọ́n á da líńtẹ̀ tuntun tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó gbó. Ní ti ilé alámọ̀ àtijọ́, irú àwọn tó yí Mápó ká, èmi ò ní dán an wò láé.

5. Ìwé

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Tí ilé kan bá ti gba àga ọmọ yín tán, ọkàn yín á ti kó síbẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń lu ènìyàn ní jìbìtì. Lọ́yà tiyín ni kó yẹ ìwé wò, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà. Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ni yóò ti wò ó: Sẹkitéríàtì Agódì fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Aláúsá fún Èkó, Òkè-Mọ́sàn fún Ògùn. Kí súfeyọ̀ náà mú sáfè, ìwé àwòrán ilẹ̀ náà, lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, kó wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí, tí a ń pè ní mọ́gàjí n'Ìbàdàn, àti àwọn àgbà ẹbí ní láti jọ fọwọ́ sí i. Ẹnì kan nínú ẹbí tó bá dá ilẹ̀ tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òtúbáńtẹ́ ni títà náà lójú òfin.

Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń fẹ́ fi orúkọ ọmọ náà ra ilé tààrà. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978, Land Use Act, kò gba gómìnà láyè láti fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 ní C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀, tàbí láti fọwọ́ sí i pé kí ilẹ̀ di tirẹ̀, àfi tí alágbàtọ́ tàbí ẹni tó ń bá a dì í mú bá wà. Nítorí náà, ẹ fi orúkọ ara yín rà á, kí lọ́yà wá kọ wíìlì, ìwé ìpíngún, kó sì dárúkọ ẹni méjì tó máa di ilé náà mú fún ọmọ yín. Ẹ má ṣe gbára lé pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á tọ́jú rẹ̀. Wọ́n lè fẹ́ ẹ bí ojú, kí ìyàwó ilé tàbí gbèsè sì yí wọn lórí. Ilé tí ẹ fi òógùn tún ṣe fún un, ẹni tí kò nílò ráńpù lè wó ráńpù rẹ̀ kó fi ibẹ̀ gbé mọ́tò sí.

6. Ráńpù

Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gbà. Ilé àdáni kò sí nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé tí ẹ máa bá lọ́jà fi ní àtẹ̀gùn, tí ọwọ́ yín sì ni ráńpù wà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ wọn gíga láti ilẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá, bí ráńpù ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó nìyẹn. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 jẹ́ 45. Ní ìlọ́po méjìlá, ó di 540, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni bíríkìlà wa ṣe. Mo dé láti ibi iṣẹ́ mo bá a tó ti ń fi tíráwẹ̀lì dán an. Ó ní, "Màámi, gbogbo ibi tí mo ti ṣe é, báyìí ni." Mi ò bá a jiyàn. Mo dúró kí símẹ́ńtì gbẹ, mo gbé àpò ìrẹsì kílò 25 jókòó sórí àga Dámi, mo ní kó tì í gòkè. Ó tì í dé ìdajì, àga gbé imú sókè, ìrẹsì já bọ́ lulẹ̀, òun náà sì fò sí ẹ̀gbẹ́. Ó wo ìrẹsì, ó wò mí, ó ní òun á fọ́ ọ. A jọ san owó símẹ́ńtì tuntun, nítorí pé èmi náà kò fa okùn sílẹ̀ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fa okùn sílẹ̀. Ẹ gún èèkàn síbi tí ráńpù ti máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí, kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́.

Tí iwájú ilé kò bá gùn tó, ráńpù lè yà bí igun ilé. Níbi tó bá ti yà, ẹ fi ojú pẹrẹsẹ tó tó 150 sí 150 síbẹ̀. Irú ojú pẹrẹsẹ kan náà gbọ́dọ̀ wà lókè, ní ẹnu ilẹ̀kùn, kí àga lè dúró láìyí padà nígbà tí ẹ bá ń wá kọ́kọ́rọ́. Tí gíga bá ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ, ẹ fi ibi ìsinmi sí àárín.

Fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 90. Àwa ṣe 120, nítorí pé àbúrò rẹ̀ fẹ́ràn láti máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé etí rẹ̀ sókè níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 kí táyà má bàa yọ̀ ṣubú, kí wẹ́dà sì ṣe irin ìdìmú sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ má lẹ táìlì mọ́ ọn. Nígbà tí símẹ́ńtì bá ṣì tutù, ẹ mú ìgbálẹ̀, kí ẹ fà á lójú ní ìbú. Àwọn ìlà yẹn ló máa di táyà àti bàtà mú nígbà òjò.

7. Ilẹ̀kùn

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dáadáa, kí ẹ wọ̀n láti ojú rẹ̀ dé fírémù òdìkejì. Àyè yẹn ni kó tó sẹ̀ǹtímítà 80, kì í ṣe ti pákó ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75, fírémù á tún jẹ nínú rẹ̀. Kí ẹ tó fọ́ ògiri, ẹ gbìyànjú èyí tí kò náni lówó púpọ̀: ẹ yọ ilẹ̀kùn kí ẹ fi kọ́tìnnì sí i, tàbí kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta. Balùwẹ̀ ni ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú ti léwu jù. Bí ọmọ bá ṣubú lé e, ẹ ò ní lè wọlé.

8. Balùwẹ̀

Ibi tí owó wa pọ̀ sí jù nìyí, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó pe pulọ́ḿbà, ẹ pe oníṣẹ́ occupational therapy, ẹni tó ń kọ́ aláìlera bí yóò ṣe máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ fúnra rẹ̀. UCH ní ẹ̀ka wọn. Òun ló mọ̀ bóyá ọmọ yín máa fi ọwọ́ ọ̀tún tàbí òsì gbára lé irin, àti bóyá ẹ̀gbẹ́ ni yóò ti bọ́ sórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí iwájú. Ẹ̀gbẹ́ tó bá sọ ni irin máa wà. Tiwa, òsì ni. Bíríkìlà ti fẹ́ fi í sí ọ̀tún nítorí pé ibẹ̀ ni ògiri wà nítòsí.

Ilẹ̀ balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìta dọ́gba. Etí gíga tí a máa ń ṣe kí omi má bàa jáde, ẹ wó o. Kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ dà díẹ̀díẹ̀ sí ojú ihò omi, kí ihò náà wà ní igun tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Táìlì tó rí ṣákaṣàka ni kí ẹ rà. Ní ilé ìtajà, ẹ da omi díẹ̀ sí i, kí ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ wò. Oníṣòwò á fi yín ṣẹ̀sín, ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín.

Irin ìdìmú: ihò ló wà nínú búlọ́ọ̀kù wa, skúrú kì í dúró nínú ihò. Ẹ ní kí wọ́n fi kọnkéré kún ihò búlọ́ọ̀kù níbi tí irin máa wà, tàbí kí bóótì gba inú ògiri já sí òdìkejì, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dì í. Kí àlàfo ínṣì kan ààbọ̀ wà láàárín irin àti ògiri, kí ìka lè wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá parí, kí ẹni tó tóbi jù nínú ilé fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Bàbá Dámi ló rọ̀ mọ́ tiwa, pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò, tó ń mì bí èso orí igi. Ẹ yọ irin tí a máa ń fi táwẹ̀lì kọ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò: ọmọ tó ń ṣubú kì í wò ó pé ti táwẹ̀lì ni.

Ojú ìjókòó àwo ìgbọ̀nsẹ̀ dára kó bá ti àga rẹ̀ dọ́gba, láàárín sẹ̀ǹtímítà 43 sí 48. Tó bá kéré, bíríkìlà lè gbé ìdí rẹ̀ sókè. Ní ti omi gbígbóná, ẹ má gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sítòsí ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ta fìrì láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ pò ó níta, ẹ fi ìgúnpá tọ́ ọ wò, kí ẹ tó gbé e wọlé.

9. Ọ̀nà àsálà, lẹ́yìn náà iná

Gbogbo fèrèsé wa ló ní irin nítorí olè. Ọmọ tí kò lè sáré, tó sùn sínú yàrá tí irin yí ká, ẹ ti sọ ọ́ dẹni ìdè tí iná bá sọ. Ẹ ní kí wẹ́dà gé irin fèrèsé kan nínú yàrá rẹ̀, kó sọ ọ́ di ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà níbi kan ṣoṣo tí gbogbo ilé mọ̀. Yàrá tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ìta ni kí ẹ fún un, kó sì jìnnà sí ibi ìdáná àti sí jẹnẹrétọ̀. Tó bá ń lo ẹ̀rọ èyíkéyìí lóru, ẹ ra ínfátà oníbátìrì, kí iná má bàa kú mọ́ ọn, kí ẹ tó ra ọ̀dà àti kọ́tìnnì.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná sọ súìṣì rẹ̀ kalẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 90 tàbí 100, kó sì gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè tó 50. Èyí ni àtúnṣe tó pọ́ọ́kú jù nínú gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Ẹ má ì tíì san owó iṣẹ́ tán. Ẹ mú ọmọ wá, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti géètì, kó wọlé, kó lọ síbi gbogbo, kí ẹ má tì í. Ibi tó bá ti dúró, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ibẹ̀ ni oníṣẹ́ máa padà sí. Tiwa, ṣọ́ọ̀kì méjì ló wà nílẹ̀, ọ̀kan ní ẹnu kíṣìnnì, ọ̀kan ní balùwẹ̀. Nígbà tó dé yàrá rẹ̀, ó nawọ́, ó tan iná. Ó pa á. Ó tún tàn án. Ó ń tàn án, ó ń pa á, títí bàbá rẹ̀ fi kígbe láti pálọ̀ pé ta ni ó fẹ́ jó búlọ́ọ̀bù.